Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o: ibo ni kí n ti mú ọ̀rọ̀ Stefan Kisielewski?

Adédùùrù:
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú àárọ̀. Orúkọ ọmọ Pólándì kan ti ń jà gùdù lórí mi láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ibì kan ní olórin ni, pé ó ń kọ orin sílẹ̀ fún ọ̀kẹ́sírà. Ibòmíì ní oníròyìn ni, ó tún ṣe aṣòfin. Èmi náà ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì máa ń kọ nǹkan díẹ̀ nípa orin, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi wọ̀ mí lára. Kí ni kí n kọ́kọ́ gbọ́? Kí ni kí n kà?

Ìyá Warsaw:
Àbúrò mi, Kisiel ni wọ́n ń pè é níbí. Danse vive ni kó o kọ́kọ́ gbọ́. Dùùrù nìkan ni, ọdún 1939 ló kọ ọ́. Ijó tó yá ni orúkọ rẹ̀, ó sì yá lóòótọ́. Lẹ́yìn náà, wá kọnsẹ́tò tó ṣe fún ọ̀kẹ́sírà kékeré ní 1943. Àwọn Jámánì ṣì wà lórí ìlú yìí nígbà yẹn o! Ṣùgbọ́n tó o bá gbọ́ ọ, o ò ní mọ̀ pé ogun wà níta. Nígbà tí Warsaw dìde sí wọn ní 1944, òun náà fara gbọgbẹ́, iná sì jó èyí tó pọ̀ jù nínú orin tó ti kọ ṣáájú ogun.

Kòbẹ̀rùyẹyẹ:
Ẹ̀gbọ́n, gbogbo ẹ̀ dáa, ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ ló mú mi. Ní 1945, ní Kraków, òun ló dá ìwé ìròyìn orin Ruch Muzyczny sílẹ̀. Ọdún yẹn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí Tygodnik Powszechny, ìwé ìròyìn àwọn Kátólíìkì tó ń jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìjọba Kọ́múníísì ní kí àwọn olórin máa kọ orin tó ń gbé ètò wọn ga. Kisiel ní rárá o, pé ohùn orin kò gbé ọ̀rọ̀ òṣèlú kankan, ohùn lásán ni. Wọ́n gba iṣẹ́ olùkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1949.

Ọmọ Àyàn:
Ohùn lásán kẹ̀? Ẹni tí wọ́n ti fi dùndún bú rí kò lè sọ bẹ́ẹ̀.

Kòbẹ̀rùyẹyẹ:
Háà, Ọmọ Àyàn! Fáyólìn ló ń sọ, kì í ṣe gángan yín. Ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi. Ó wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní 1957, ó wà níbẹ̀ títí di 1965. Nígbà tó di 1968, ìjọba dá eré Dziady, iṣẹ́ akéwì Pólándì nì, Adam Mickiewicz, dúró ní gbọ̀ngàn eré. Àwọn òǹkọ̀wé wá pe ìpàdé. Kisiel dìde láàárín wọn, ó ní ìjọba àfipáṣe àwọn òpè ni èyí. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta, àwọn kan tí a ò mọ̀ dá a lọ́nà nígboro Warsaw, wọ́n lù ú bí ẹní lu bàrà. Ọdún mẹ́ta gbáko ni wọn ò fi jẹ́ kó tẹ nǹkan kan jáde. Ọdún yẹn gan-an ló bẹ̀rẹ̀ ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ tó ń kọ títí di 1980. Dzienniki ni wọ́n pè é, ó ti kú lọ́dún márùn-ún kó tó jáde ní 1996. Ìyẹn ni kó o wá.

Tẹlẹ́tẹlẹ́:
Ẹ má gbàgbé ọmọ rẹ̀, Wacław. Òun àti Marek Tomaszewski ni wọ́n jọ ń tẹ dùùrù méjì pọ̀, Marek i Wacek. Ọmọ yẹn ni mo kọ́kọ́ mọ̀, kí n tó mọ̀ pé ó ní bàbá. Jàǹbá mọ́tò ló pa á ní 1986.

Ìyá Warsaw:
Ó mà ṣe o. Adédùùrù, tó o bá gbọ́ Kisiel tán, wá Zygmunt Mycielski náà. Olórin ni, olóòtú Ruch Muzyczny náà sì ni. Ọ̀dọ̀ Nadia Boulanger, olùkọ́ orin nì, ló ti kẹ́kọ̀ọ́ ní Paris. Nígbà tí ọmọ ogun Pólándì bá àwọn Sófíẹ́ẹ̀tì wọ Czechoslovakia ní 1968, ó kọ lẹ́tà ìtìjú sí àwọn olórin ibẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ síta ní Paris. Wọ́n fi ojú rẹ̀ rí màbo nítorí ẹ̀. Tèmi ni pé orin tirẹ̀ wúwo ju ti Kisiel lọ, kò sì rẹ́rìn-ín tó o.

Adédùùrù:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti gbọ́ Danse vive lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀ yìí. Mo gbìyànjú ojú ewé àkọ́kọ́ rẹ̀, ìka mi ní òun ò bá mi lọ. Ìṣòro mi ni Dzienniki, mi ò gbọ́ èdè wọn.

Ìyá Warsaw:
Ó wà lórí pẹpẹ ìwé mi níbí, ó nípọn bíi búlọ́ọ̀kù. Màá ka ojú ewé kan ní Yorùbá, màá fi ohùn ránṣẹ́ sí ẹ lálẹ́. Èwo lo fẹ́?

Adédùùrù:
Ibi tó ti ń bínú jù, mà.