Èsì lórí ‘àpọ̀jù ìmọ̀lára’: etí àti ojú ni, kì í ṣe ọkàn

Òkun o, ẹ̀yin ará,

Ẹ̀gbọ́n wa ní Ìsánlú ń kọ ìwé pélébé fún àwọn òbí tó fẹ́ kó ọmọ lọ sí ọgbà ìṣeré ńlá ní Àbújá nígbà ọlidé. Ó béèrè ohun tí a lè pe ìnira tó ń bá àwọn ọmọ kan nígbà tí ariwo, iná, òórùn àti ìfarakanra bá dé sí wọn lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní ‘sensory overload’. Ẹnì kan dá ‘àpọ̀jù ìmọ̀lára’ lábàá, ẹlòmíràn ní ‘ìdààmú ọpọlọ’.

Ẹ jẹ́ ká gbé ti ìkejì kúrò ńlẹ̀ kíá. Bí ìyá kan ní Kàbà bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ìdààmú ọpọlọ ń ṣe ọmọ òun, kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹnì kan á ti júwe orí òkè tí wọ́n ti ń gbàdúrà fún irú rẹ̀.

‘Àpọ̀jù ìmọ̀lára’ sàn jù ú lọ, àmọ́ ọ̀rọ̀ ọkàn ni ‘ìmọ̀lára’ ti dà lẹ́nu àwọn èèyàn: ìfẹ́, ìbínú, ìbànújẹ́. Ẹni tó bá kà á á rò pé ọmọ ẹlẹ́kún ni. Bẹ́ẹ̀, ọmọ náà lè máa rẹ́rìn-ín nígbà tó ń wọlé, kó tó di pé orin inú sípíkà, iná tó ń ṣẹ́jú, òórùn epo tí wọ́n fi ń dín nǹkan àti ìgbúnwọ́ àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀ pàdé lára rẹ̀. Ọpọlọ ẹlòmíràn máa ń ti èyí tí kò wúlò sẹ́gbẹ̀ẹ́ láìjẹ́ kó mọ̀. Tirẹ̀ ń gba gbogbo rẹ̀ wọlé. Kì í ṣe ọlọ́tísìmù (ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ́nà tirẹ̀ láti kékeré) nìkan ló ń rí i, ẹ bi ẹni tí túúlu ń dà láàmú.

Èmi fara mọ́ ‘àkúnya iyè’; iyè ni ohun tí etí, ojú, imú, ẹnu àti ara fi ń mọ nǹkan. Àwọn ará Lọ́kọ́jà tó rí omi ọdún 2012 àti ti 2022 kò nílò àlàyé: odò kì í ṣe ohun búburú, omi ló pọ̀ ju ojú ọ̀nà rẹ̀ lọ. Orúkọ yìí kò di ẹ̀bi ru ọmọ. Ó sì bí orúkọ fún òdìkejì rẹ̀ fúnra rẹ̀. Nígbà tí àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà tún ìwé àyẹ̀wò wọn ṣe ní 2013, wọ́n ka ohun méjèèjì mọ́ àmì ọ́tísìmù: kí nǹkan máa wọni lára jù, àti kó má wọni lára tó. Ọmọ tó ń sá tọ sípíkà lọ láti gbé etí lé e, ‘ọ̀dá iyè’ nìyẹn. ‘Àpọ̀jù’ kò lè bá wa dé ibẹ̀.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Bí atẹ̀wé bá gbàgbé àmì ohùn, ‘iyè’ á di ‘ìyè’, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì á sì rò pé ìsìn ìdúpẹ́ la pè wọ́n sí. Òótọ́ ni. Nítorí náà, kí orúkọ wà fún ìwé atúmọ̀ èdè, gbólóhùn tí a ti ń sọ tẹ́lẹ̀ nílé ìnáwó ni kó wà nínú ìwé òbí: “Ó ti pọ̀ jù fún un, ara rẹ̀ ò gbà á mọ́, ẹ jẹ́ ká yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.” Òṣìṣẹ́ ẹnu géètì á gbọ́ ìyẹn láìsí olùkọ́. (Ta ló ń pe tẹlifíṣọ̀n ní ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán nínú pálọ̀ rẹ̀?)

Ẹ̀gbọ́n tún lè wo Sesame Place ní Pennsylvania, Amẹ́ríkà, ọgbà ìṣeré tó kọ́kọ́ gba ìwé ẹ̀rí ìtọ́jú ọlọ́tísìmù, ní 2018. Wọ́n kọ́ àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n ya yàrá sọ́tọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n sì fi máàkì láti 1 dé 10 sọ bí eré kọ̀ọ̀kan ṣe ń wọni lára tó: ti etí, ti ojú, ti imú, ti ẹnu, ti ìfọwọ́kàn. Bí ìwé wa bá ní irú òpó márùn-ún yẹn, ìyá á mọ eré tí wọ́n máa fò kí wọ́n tó tò sórí ìlà.

Yàrá yẹn, ẹ má pè é ní ‘yàrá ìdákẹ́jẹ́’. Àwọn ọmọ wa ti gbọ́ “dákẹ́!” tó. ‘Yàrá ìtura’ ni mo fọwọ́ sí.

Ó ku ohun tí wọ́n ń dé sí etí kí ariwo lè dínkù. Ẹnì kan kọ ‘ìdítí’, ṣùgbọ́n ó ti sún mọ́ ‘adití’ jù, ọmọ wo ló máa gbà á? A ní ìborí, ‘ìbotí’ ńkọ́? Kí ẹni tó bá ní èyí tó dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ fi ránṣẹ́ kí ẹ̀gbọ́n tó gbé ìwé lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé.