Ìdílé Martins ní Pópó Àgùdà: níbo la ti ń bẹ̀rẹ̀ ìwádìí?

Àbíkẹ́_Campos:
Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìdílé kan wà lẹ́bàá gbàgede Campos ní Èkó, Martins ni wọ́n ń jẹ́. Wọ́n mọ̀ pé Joaquim ni bàbá tó ti Bàhíà ní Brazil dé, kò sì sí ìwé kankan nílé. Ṣé gbogbo Martins Èkó la máa pè ní ẹbí wọn ni? Báwo la ṣe ń mọ ìlú tí wọ́n ti kó bàbá náà lẹ́rú lọ?

Alákọsílẹ̀:
Rárá o, ẹ má fi orúkọ yẹn so ẹbí. Ọ̀pọ̀ Àgùdà, ìyẹn àwọn tó ti Brazil padà wá, ló ń jẹ́ orúkọ ẹni tó ni wọ́n lẹ́rú, nítorí náà Martins méjì lè máà bára wọn tan rárá. Cole méjì tàbí Johnson méjì láàárín àwọn Sàró, àwọn tó ti Sierra Leone padà wá, náà lè máà bára wọn tan.

Ìwé ìsàmì ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Àwọn fadá SMA (ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Kátólíìkì) dé Èkó ní 1868, torí náà ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì Holy Cross. Ẹ mú lẹ́tà lọ sí ọ́fíìsì ìjọ lọ́jọ́ iṣẹ́, kí ẹ kọ orúkọ òbí sí i àti ọdún tí ẹ fojú bù, pẹ̀lú ọdún 5 ṣáájú àti 5 lẹ́yìn. Èdè Látìnì ni wọ́n fi kọ ọ́: José á di Josephus, João á di Joannes. Ẹni tó bá ń wá "Joaquim" nìkan máa fo Joachim kọjá. Tó bá jẹ́ pé Bàhíà ni wọ́n ti ṣe ìsàmì fún un, kò ní sí nínú ìwé Èkó. Ti àwọn ọmọ rẹ̀ ni kí ẹ wá, orúkọ òbí á wà níbẹ̀. Ẹ ya gbogbo ojú ewé, kì í ṣe ìlà kan péré, nítorí bàbá ìsàmì àti ìyá ìsàmì. Tí orúkọ kan náà bá ń jáde fún ọmọ mẹ́ta, mẹ́rin, àwọn tó sún mọ́ ilé nìyẹn. Ọjọ́ ìsàmì kì í ṣe ọjọ́ ìbí o. Wọ́n máa ń ṣe é fún àgbàlagbà náà.

Ọmọ_Ìsàlẹ̀Èkó:
Ìwé ilẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ jù lójú tèmi. Ẹ wá ìwé títà ilé ìdílé náà ní ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀ ní Alausa, kí ẹ ka ibi tí wọ́n kọ "WHEREAS" sí: ibẹ̀ ni wọ́n ti ń to ẹni tó kú àti ẹni tó jogún. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra. Ìtàn ìdílé tí wọ́n bá sọ ní kóòtù nítorí ilẹ̀, wọ́n sọ ọ́ láti borí ni. Ẹ̀ka tí wọn ò fẹ́ kó pín níbẹ̀, wọ́n lè yọ ọ́ kúrò. Ẹ béèrè ẹ̀dà lọ́wọ́ lọ́yà ìdílé pẹ̀lú, torí kóòtù gíga Igbosere jóná ní oṣù kẹwàá 2020.

Ìyá_Ìbejì:
Ẹ má bi àwọn àgbà ní ọdún. Ẹ bi wọ́n pé, nígbà tí wọ́n lé Ọba Èṣùgbàyí ti Èkó lọ sí Ọ̀yọ́ (1925), ṣé bàbá ti níyàwó? Ṣé ó ṣì wà láyé nígbà tí wọ́n ń kó èèyàn Ìsàlẹ̀ Èkó lọ sí Sùúrùlérè lẹ́yìn 1955? Ní ti ìlú, oríkì orílẹ̀ àti èèwọ̀ ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn obìnrin ilé, pàápàá àwọn tí wọ́n ń kì ọmọ. Ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ o. Tí wọ́n bá jókòó pọ̀, ẹni tó dàgbà jù á sọ̀rọ̀, àwọn yòókù á kàn máa mi orí.

Àbíkẹ́_Campos:
Ẹ ṣeun gan-an. Tí wọ́n bá rò pé ilẹ̀ la bá wá ńkọ́?

Ìyá_Ìbejì:
Wọ́n á rò bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kó yé wọn pé ìtàn ìdílé lẹ bá wá kí ẹ tó tan fóònù láti gba ohùn wọn. Ẹ fi ọ̀rọ̀ frejon (ẹ̀wà tí wọ́n fi omi àgbọn sè) bẹ̀rẹ̀: ta ló ń sè é ní Good Friday, ta ló kọ́ ìyá, ilé wo ni wọ́n ń gbé e lọ fún? Orúkọ àwọn ìbátan á máa jáde fúnra wọn.

Alákọsílẹ̀:
Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kọ̀wé sí ilé àkọsílẹ̀ ìjọba Bàhíà ní Salvador, ní èdè Pọtogí. Ìwé àkọsílẹ̀ páásípọ́ọ̀tù àwọn tó ń padà sí Áfíríkà wà lọ́wọ́ wọn. "Nagô" ni wọ́n sábà máa ń kọ fún Yorùbá, kì í ṣe orúkọ ìlú, nítorí náà ẹ má retí ju bẹ́ẹ̀ lọ níbẹ̀.