Ẹ gbà wá nímọ̀ràn: gígun òkè Ṣábẹ̀ nígbà àkọ́rọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ òkè. Èèyàn 8 ló fẹ́ gun àwọn òkè àpáta Ṣábẹ̀ (Savè), ní orílẹ̀-èdè Benin, níparí oṣù kẹrin. Àpáta tútù ló ń kọ mí lóminú. Ìlà dúdú tó ṣàn wálẹ̀ lára àpáta, ojú ọ̀nà omi ni. Bó bá gbẹ, ẹsẹ̀ á dúró lórí rẹ̀. Bí òjò bá ta sí i díẹ̀ báyìí, á yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Ibi tó funfun, tó rí háráhárá, ló ń di bàtà mú. Àpáta a sì tún máa bó bí èèpo àlùbọ́sà: èyí tó bá dún bí ohun tí inú rẹ̀ ṣófo nígbà tí a gbá a, a kì í tẹ̀ ẹ́.

Aago 6 àárọ̀ la ó gbéra, ká ti sọ̀ kí aago 11 tó lù, torí ọ̀sán sí ìrọ̀lẹ́ ni ìjì sábà máa ń dé. Omi líta 3 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, okùn mítà 30. Bí mànàmáná bá kọ, tí ààrá sán ká tó ka 30, ìsọ̀kalẹ̀ ti yá nìyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀nà wo ni kò gba ojú omi kọjá? Bí òjò bá ká wa mọ́ ìdajì òkè ńkọ́, ṣé ká dúró kí àpáta gbẹ, àbí ká fi okùn sọ̀? Dídúró ni mo fara mọ́, àfi ti ààrá yẹn. Ta ni ká sì kọ́kọ́ lọ kí nílùú ká tó gun ibẹ̀?