Búrẹ́dì ráì bíi ti Finland nílùú London: kí ni mo lè fi rọ́pò rẹ̀?

Àjò_Dé_London
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Ruispalat (pẹlẹbẹ kéékèèké tí wọ́n ń là sí méjì) àti reikäleipä (rìbìtì tó ní ihò láàárín) ti Finland ni mo fẹ́ràn jù nínú búrẹ́dì: ráì gidi (ọkà kan tó jọ wíìtì), tó kan, tó pẹlẹbẹ, tí èèyàn ń jẹ lẹ́nu pẹ́ kó tó gbé e mì. Mi ò rí irú rẹ̀ níbí. Pumpernickel, búrẹ́dì ráì dúdú àwọn ará Jámánì, dùn jù, ó sì ń fọ́ wẹ́wẹ́. Èyí tí súpámákẹ́ẹ̀tì kọ “rye” gàdàgbà sí lára, fùláwà wíìtì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ṣé èyí tó sún mọ́ ọn wà tí mo lè rà, àbí kí n kúkú máa yan án nílé? Ófùnù mi kò kọjá ìwọ̀n 230 Celsius.

Ẹ̀yìn_Ọ̀rá
Ẹ̀yìn ọ̀rá búrẹ́dì ni kí ẹ máa kà, ẹ fi orúkọ iwájú sílẹ̀. Ní Finland, búrẹ́dì tí ráì kò bá tó ìdajì fùláwà rẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ ruisleipä (búrẹ́dì ráì). Ní London, ẹ wá èyí tó jẹ́ pé ráì, omi àti iyọ̀ nìkan ló wà nínú rẹ̀. Bí wíìtì bá ti ṣáájú, ẹ dá a padà sórí àtẹ.

Pumpernickel ò lè ṣe kó má dùn. Ó kéré tán, wákàtí 16 ló ń lò nínú ààrò tí kò gbóná púpọ̀, sítáàṣì inú rẹ̀ á sì máa di ṣúgà. Borodinsky àwọn ará Rọ́ṣíà ní koriander àti omi ṣúgà dúdú nínú. Ti Lithuania sábà máa ń ní caraway, hóró kan tó ń ta sánsán. Rugbrød àwọn ará Denmark kan dáadáa, bí ẹ bá rí èyí tí wọn ò da hóró sí. Èyí tí màá mú ni Vollkornbrot àwọn ará Jámánì tó jẹ́ ráì pátápátá, èyí tí wọ́n gé pẹlẹbẹ sínú ọ̀rá. Bí ẹ ṣe rà á yẹn, ó tutù jù. Ẹ yan án nínú tósítà lẹ́ẹ̀méjì títí etí rẹ̀ á fi gbẹ, ìgbà náà ló ń jọ ti Finland.

Finn Crisp, búrẹ́dì ráì pẹlẹbẹ inú páálí, wà káàkiri, adùn rẹ̀ péye, àmọ́ gbígbẹ ni. Ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ará Finland tó wà ní Rotherhithe náà ní ṣọ́ọ̀bù tó ń ta oúnjẹ ilé wọn. Ẹ ra púpọ̀ kí ẹ sì kó o sí fírísà, ráì kì í bàjẹ́ níbẹ̀.

Ọwọ́_Fùláwà
Ẹ yan án nílé jàre. Fùláwà ráì tí wọn ò yọ èèpo rẹ̀ ni kí ẹ rà. “Dark rye” ni wọ́n sábà máa ń kọ sí i ní Ìlú Ọba.

Ìwúkàrà ló gba sùúrù. Ẹ po 50 gíráàmù fùláwà mọ́ 50 gíráàmù omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nínú ìgò, kí ẹ má dé e pa. Lójoojúmọ́, ẹ mú 50 gíráàmù nínú rẹ̀, ẹ da ìyókù nù, ẹ fi omi 50 àti fùláwà 50 kún un. Lọ́jọ́ kejì á hó gùdùgùdù, á sì máa rùn. Lọ́jọ́ kẹta tàbí ìkẹrin á dákẹ́ bí ẹni pé ó ti kú, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń dà á nù. Kò kú o. Kòkòrò tó kọ́kọ́ hó yẹn ni kíkan pa, èyí tí à ń fẹ́ ló ń bọ̀ lẹ́yìn. Ní bí ọ̀sẹ̀ kan, tó bá ti ń wú di ìlọ́po méjì tó sì ń rùn bí ápù tó kan, ó ti tó lò.

Lálẹ́, ẹ po 50 gíráàmù ìwúkàrà, 300 omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ (ìwọ̀n 35 Celsius) àti 250 fùláwà. Ẹ gbé e síbi tó móoru fún wákàtí 14 sí 16. Bí ilé bá tutù, kó pé 20. Ẹ tọ́ ọ wò: kó kan yín lẹ́nu gan-an. Ẹ kọ́kọ́ yọ 50 gíráàmù pa mọ́ sí fíríìjì fún ìgbà mìíràn, kí ẹ tó da 100 omi, 300 fùláwà àti 11 gíráàmù iyọ̀ sí i. Ẹ fi ṣíbí onígi rò ó pọ̀, kò ní fà bíi ti wíìtì, ṣe ló máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́ bí ẹrẹ̀. Ẹ má tìtorí ìyẹn fi fùláwà kún un, líle ló máa le.

Lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ pín in sí méjì lórí fùláwà, ẹ fi ọwọ́ tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹlẹbẹ kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà kan ààbọ̀. Ẹ fi ife kékeré lu ihò sáàárín. Ẹ fi fọ́ọ̀kì gún un káàkiri, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ooru á gbé ẹ̀yìn rẹ̀ wú kúrò lára inú. Tí fùláwà orí rẹ̀ bá ti sán, bíi wákàtí kan sí ọ̀kan ààbọ̀, ó yá níná: 230, ìṣẹ́jú 25.

Àjò_Dé_London
Ẹ ṣeun púpọ̀. Ṣé mo lè fi yíìsì ṣe é kí n má bàa dúró di ilẹ̀ mọ́? Ihò yẹn ńkọ́, ṣé dandan ni?

Ẹ̀yìn_Ọ̀rá
Gíráàmù 2 yíìsì gbígbẹ nínú àpòpọ̀ ìkẹyìn kò burú, á yára wú. Àmọ́ ẹ má fi rọ́pò alẹ́ yẹn. Ohun kan wà nínú ráì tó ń sọ sítáàṣì di ṣúgà nínú ààrò. Kíkan ló ń dá a dúró. Tí kò bá kan tó, inú búrẹ́dì á máa lẹ̀ mọ́ ọ̀bẹ bíi gọ́ọ̀mù, kò sì sí bí ẹ ṣe lè yan án pẹ́ tó tó máa yí padà. Ohun kan náà ló ń ṣe ẹni tó bá gé e nígbà tó ṣì gbóná. Ẹ fi aṣọ ìnuwọ́ wé e bó bá ti jáde, kí ẹ̀yìn rẹ̀ rọ̀, ó di ọjọ́ kejì kí ẹ tó fi ọ̀bẹ kàn án.

Ọwọ́_Fùláwà
Ihò kì í ṣe dandan. Ìwọ̀-oòrùn Finland ni wọ́n ti ń fi ọ̀pá gba ihò náà kọjá, wọ́n á gbé e kọ́ sábẹ́ àjà kó gbẹ, torí ìgbà díẹ̀ lọ́dún ni wọ́n ń dáná búrẹ́dì. Ní ìlà-oòrùn, tí wọ́n ti ń yan án lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, rìbìtì tó nípọn ni tiwọn. Bó bá jẹ́ ruispalat lẹ fẹ́, ẹ tẹ gbogbo rẹ̀ sórí páànù kan, ẹ gé e ní sẹ̀ǹtímítà 8 sí 10, ẹ yan án fún ìṣẹ́jú 18, kí ẹ wá la ọ̀kọ̀ọ̀kan sí méjì lọ́jọ́ kejì. Kí ófùnù 230 yín lè tó, ẹ kọ́kọ́ fi páànù mìíràn sínú rẹ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú, kí ẹ sì gbé búrẹ́dì lé e lórí gbígbóná.