Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: kí ni mo lè fi ṣe àwo omi sábẹ́ òdòdó mi nígbà ọyẹ́ yìí?

Ìyá Ìbejì, Ìlọrin: Ẹ kú ọyẹ́ o, gbogbo ilé. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé ni etí ewé òdòdó Calathea mi ti ń gbẹ, tó ń ká kò bí ìwé tí iná rà. Kì í ṣe pé omi ò tó o, mo ń bomi rin ín. Ẹni tó tà á fún mi lẹ́bàá títì ní àfi kí n ra àwo tí wọ́n ń da òkúta àti omi sí, kí n gbé ìkòkò rẹ̀ lé e, kí ọ̀rinrin lè máa fẹ́ sí i. Iye tó pè é, ó kù díẹ̀ kó tó owó òdòdó fúnra rẹ̀! Mo ní rọ́bà áísìkiríìmù, ìdérí ike kọ́stádì, páànù àtijọ́, àti kẹ́ẹ̀gì òróró lítà 25 kan tó ń jò. Èwo ni kí n lò?

Ọmọ Ìbàdàn: Ẹ fi páànù sílẹ̀ mà. Á dógùn-ún kí ọyẹ́ tó lọ, á sì ba táìsì yín jẹ́. Ìdérí kọ́stádì ni èmi ń lò, ṣùgbọ́n kò jìn, kíá ni omi inú rẹ̀ ń gbẹ.

Bàbá Ọlọ́gbà, Abẹ́òkúta: Ìyá Ìbejì, ibo ni kẹ́ẹ̀gì yẹn ti ń jò?

Ìyá Ìbejì: Lọ́rùn, sà. Lẹ́bàá ẹnu rẹ̀.

Bàbá Ọlọ́gbà: Òun gan-an ni kó o lò. Dà á dùbúlẹ̀ kí ẹnu rẹ̀ àti ibi tó ń jò kọjú sókè. Fi máákà fa ìlà yí i ká, kó ga tó ìka mẹ́rin láti ilẹ̀, kó o fi ayùn kékeré gé e. Apá ìsàlẹ̀ ni àwo rẹ, ó gba tó ìkòkò mẹ́ta. Fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ òróró inú rẹ̀ kúrò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ eèrà á kó ogun wá. Da òkúta wẹ́wẹ́ tó o ti ṣàn sí i, kó o bu omi sí i, ṣùgbọ́n kí orí òkúta yọ lókè omi. Ìdí ìkòkò ò gbọdọ̀ kan omi, gbòǹgbò á jẹrà. Kẹ́ẹ̀gì oògùn apakoríko ni kó o má dán wò.

Nọ́ọ̀sì Ọlọ́dòdó: Ẹ ò mẹ́nu ba ẹ̀fọn! Nínú ooru wa yìí, ẹyin ẹ̀fọn lè di ẹ̀fọn tó ń fò láàárín bí ọjọ́ 7 sí 10. Ẹ máa da omi náà nù lọ́jọ́ mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹ sì fi kànìnkànìn ha ara ike, torí Aedes, ẹ̀fọn tó ń gbé ibà pọ́njú kiri, ara ike lókè omi ló ń yé sí. Ẹyin náà lè gbẹ síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, kó sì pa bí omi bá tún kàn án.

Ọmọ Agric, Ògbómọ̀ṣọ́: Ẹ má bínú sí mi o, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀rinrin àwo yẹn kì í ga ju sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ lọ kí atẹ́gùn tó gbé e lọ. Igbó olójò Amẹ́ríkà Gúúsù ni Calathea ti wá, àwo òkúta kan ò lè sọ pálọ̀ Ìlọrin di igbó. Ó dáa láti fi gba omi tó ń jò lábẹ́ ìkòkò, tábìlì ò ní bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbé òdòdó yín kúrò lójú fèrèsé àti lábẹ́ fáànù, ẹ kó wọn sún mọ́ra. Èyí tó bá kéré, ẹ fi rọ́bà kéèkì tó mọ́ gaara dé e, ẹ máa ṣí i fúngbà díẹ̀ lójoojúmọ́ kó má baà bu. Ẹ má gbé e sóòrùn o, á sè. Tó bá jẹ́ omi borehole lẹ fi ń bomi rin ín, iyọ̀ inú rẹ̀ náà lè jó etí ewé. Omi tó ń kán lára AC sàn jù ú lọ.

Bàbá Ọlọ́gbà: Èmi ò ní kó tèmi dànù o, ọmọ mi. Àmọ́ òótọ́ wà níbẹ̀. Ìyá Ìbejì, yí ewé kan padà. Kí lo rí?

Ìyá Ìbejì: Bí eruku funfun báyìí, sà, àti òwú tín-ín-rín lẹ́bàá iṣan ewé. Mo ti ń rò pé eruku ọyẹ́ ni.

Bàbá Ọlọ́gbà: Kòkòrò ni. Ó kéré débi pé ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí i, ó ń ta okùn bí aláǹtakùn, ìgbà gbígbẹ sì ni tirẹ̀. Gbé e lọ sí bálùwẹ̀, da omi sí ẹ̀yìn ewé dáadáa, kó o wá po ọṣẹ olómi díẹ̀ mọ́ omi, kó o fi aṣọ rírọ̀ nù ún lọ́kọ̀ọ̀kan. Tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún. Ti kíkó wọn sún mọ́ra yẹn, fi sílẹ̀ ná. Yà á sọ́tọ̀, kó o sì yẹ ẹ̀yìn ewé àwọn tó kù wò lónìí.