Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ìwé wo ni kí n rà fáwọn ọmọ mi nípa àwọn Ojibwe?

Ìyá Moyọ̀ (Minnesota)
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Ọmọ mẹ́ta ni Ọlọ́run fi ta wá lọ́rẹ: ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún, ìkejì mẹ́sàn-án, àgbà wọn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Tíṣà èyí àárín ní kí oníkálukú mú ìwé kan wá nípa àwọn Ojibwe, ẹ̀yà kan nínú àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, torí wọ́n wà lára àwọn tó ni ilẹ̀ tí a ń gbé yìí. Ni ọmọ bá bi mí pé, "Mọ́mì, ṣé wọ́n ṣì wà?" Mo ní wọ́n wà o, àmọ́ mi ò rí nǹkan fi kún un. Nígbà tí mo dé ilé ìkàwé, ìwé tí wọ́n kó síwájú mi ò kéré, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn, ọkùnrin tó fi ìyẹ́ sórí, tó gun ẹṣin, ló wà lẹ́yìn ìwé. Mi ò fẹ́ èyí tí òyìnbó kan jókòó sílé rẹ̀ finú rò. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí bí ẹni tí kò dé ọ̀dọ̀ wa rí bá kọ̀wé nípa wa. Èyí àgbà lòun ò ka ìwé ọmọdé mọ́, ìtàn ọ̀daràn lòun ń fẹ́. Kí ni kí n rà?

Àǹtí Ṣadé (tíṣà, Chicago)
Ìyá Moyọ̀, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Èyí tí mo máa fi lé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ́wọ́ ni The Birchbark House. Louise Erdrich ló kọ ọ́ ní 1999. Ojibwe ti Turtle Mountain ní North Dakota ni ìyá náà, òun fúnra rẹ̀ ló sì ya àwòrán inú ìwé. Ó tiẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ìwé ní Minneapolis lọ́dọ̀ yín níbẹ̀, Birchbark Books lorúkọ rẹ̀.

Ọdún 1847 ni ìtàn náà, ní erékùṣù kan nínú adágún Superior tí wọ́n ń pè ní Madeline Island lónìí. Omakayas, ọmọ ọdún méje, ló ni ìtàn. Kò sí pé ẹnì kan ń gun ẹṣin, tó ń ta ọfà kiri. Iṣẹ́ ilé lẹ máa bá níbẹ̀: ó ń ha awọ ẹran, iṣẹ́ tó kórìíra bí nǹkan míì, ó ń lé ẹyẹ lóko àgbàdo, Pinch àbúrò rẹ̀ ò jẹ́ kó gbádùn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin sì rẹwà débi tí ara rẹ̀ ò fi í balẹ̀. Ìgbà mẹ́rin inú ọdún ni wọ́n fi pín ìwé náà. Nígbà ooru, inú ilé tí wọ́n fi èèpo igi bò ni wọ́n ń gbé. Tó bá yá, wọ́n á tu ọkọ̀ lọ kórè ìrẹsì tó ń hù nínú omi. Nígbà òtútù, wọ́n á kó lọ sílé onígi nítòsí ìlú. Tí yìnyín bá ti ń yọ́, ó di ibi igi maple, kí wọ́n gbe omi rẹ̀, kí wọ́n sè é títí yóò fi di ṣúgà. Ọmọ tó bá kà á tán á mọ bí ilé yẹn ṣe ń jẹun.

Bàbá Káyọ̀dé (Ìbàdàn)
Ẹ ṣọ́ra fún ìwé àtijọ́ o. Nígbà tí a wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, wọ́n ní ká há The Song of Hiawatha sórí, ewì gígùn tí Longfellow, akéwì Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 1855. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo mọ̀ pé ìtàn Nanabozho, alárékérekè inú ìtàn àwọn Ojibwe, ló pọ̀ nínú rẹ̀, ó kàn fi orúkọ Hiawatha pè é. Hiawatha yẹn, àgbà Iroquois ni, ẹ̀yà mìíràn pátápátá! Ìwé Henry Schoolcraft, òyìnbó kan tó ń kó ìtàn Ojibwe jọ, ló ti kó àwọn ìtàn náà. Ibo wá ni Schoolcraft ti rí púpọ̀ nínú wọn? Ọ̀dọ̀ Jane Johnston ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ẹbí obìnrin náà ní Sault Ste. Marie. Ojibwe ni ìyá Jane. Jane fúnra rẹ̀ ń kọ ewì ní èdè Ojibwe àti ní Gẹ̀ẹ́sì. Mélòó nínú àwa tí a há ewì yẹn sórí ló gbọ́ orúkọ obìnrin náà?

Dèjì
Bàbá, ẹ kú ìrántí. Mo ṣì lè ka ìlà mẹ́wàá àkọ́kọ́ lórí 😂

Ọmọlará (London)
Àǹtí Ṣadé, ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ yẹn. Ìwé yẹn dára, èmi náà ní in nílé. Àmọ́ ẹ padà lọ wo ìbéèrè ọmọ: "ṣé wọ́n ṣì wà?" Bí ẹ bá fi 1847 dá a lóhùn, tó sì jẹ́ pé ìwé kan ṣoṣo tó máa kà lọ́dún yìí nìyẹn, á gbà lọ́kàn rẹ̀ pé wọ́n ti lọ. Ẹ kọ́kọ́ fún un ní Jo Jo Makoons: The Used-to-Be Best Friend, tí Dawn Quigley kọ ní 2021. Turtle Mountain lòun náà ti wá. Ọmọ ọdún méje ni Jo Jo, ayé ìsinsìnyí ló ń gbé, lórí ilẹ̀ àwọn Ojibwe tí òǹkọ̀wé dá sílẹ̀ fún ìtàn náà. Ó ń lọ síléèwé, ó ń jà fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, ológbò rẹ̀ sì wà lára àwọn ọ̀rẹ́ àtàtà. Ẹnu ọmọ náà kò dúró, ẹ̀yin náà á rẹ́rìn-ín. Ó lè rọrùn díẹ̀ fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó ń kàwé dáadáa, ìyẹn ò burú. Kó parí ẹ̀ lọ́jọ́ méjì, kó wá bọ́ sí ti Omakayas.

Èyí kékeré ńkọ́? Ẹ ra Bowwow Powwow fún un. Brenda Child, Ojibwe ti Red Lake ní Minnesota yín níbẹ̀, ló kọ ọ́. Jonathan Thunder ló ya àwòrán, Gordon Jourdain ló túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Ojibwe, èdè méjèèjì sì wà nínú ìwé kan náà. Ọmọbìnrin kan sùn ní ibi ijó, ó lálàá pé ajá ni gbogbo àwọn oníjó. Ọmọ ọdún márùn-ún wo ló máa kọ ìyẹn? Àwọn èèyàn máa ń kọ́kọ́ dárúkọ We Are Water Protectors ti Carole Lindstrom, torí ó gba Caldecott, ẹ̀bùn àwòrán ìwé ọmọdé ní Amẹ́ríkà, ní 2021, Michaela Goade tó ya àwòrán rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ gbà á nínú àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà. Àwòrán rẹ̀ dùn ún wò gidi, ṣùgbọ́n ó ń wàásù. Ti ajá ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà.

Àǹtí Ṣadé (tíṣà, Chicago)
Lará, o ti mú mi. Mo gbà, kí Jo Jo ṣáájú.

Ìyá Moyọ̀ (Minnesota)
Ẹ ṣeun gan-an ni o. Àǹtí Ṣadé, ẹnì kan sọ fún mi pé ikú wà nínú ìwé Erdrich yẹn. Ọmọ mi èyí àárín ò lè gbé nǹkan ìbẹ̀rù o.

Àǹtí Ṣadé (tíṣà, Chicago)
Òótọ́ ni, ẹ̀yin kọ́kọ́ kà á. Ìgbóná, èyí tí àwọn àgbà wa kì í fẹ́ pe orúkọ rẹ̀ ní gbangba, wọ ìlú nígbà òtútù. Àrùn yìí kan náà ló pa gbogbo ará erékùṣù mìíràn tí wọ́n ti rí Omakayas ní kékeré, ojú ewé àkọ́kọ́ lẹ ti máa ka ìyẹn. Èyí tó máa ka ọmọ lára jù ni Neewo, àbúrò rẹ̀ tó ṣì wà lọ́mọ ọwọ́. Kò ní là á. Ẹ jókòó tì í ní apá ibẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ìbànújẹ́ Omakayas gba àkókò gígùn nínú ìwé náà, òǹkọ̀wé ò sáré gbé e kọjá, ìyá àgbà rẹ̀ ò sì fi í sílẹ̀. Mo ti rí ọmọ tó sunkún níbẹ̀, tó tún ní kí n wá ìwé kejì, The Game of Silence, fún òun.

Ẹ̀gbọ́n Wálé (Toronto)
Ti àgbà tó ń fẹ́ ìtàn ọ̀daràn: Firekeeper's Daughter, Angeline Boulley, 2021. Ọmọ Sault Ste. Marie ní Michigan ni òǹkọ̀wé. Daunis, ọmọ ọdún méjìdínlógún, ń gbá họ́kì. Òyìnbó ni ìyá rẹ̀, Ojibwe ni bàbá rẹ̀, orúkọ rẹ̀ kò sì sí nínú ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn ọmọ ẹ̀yà sí. Oògùn olóró ń pa àwọn ọ̀dọ́, ni FBI, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà, bá ní kó wá máa ṣe alamí fáwọn. Ìwé náà gba Printz, ẹ̀bùn ìwé àwọn ọ̀dọ́ ní Amẹ́ríkà, ní 2022. Mi ò lè gbé e sílẹ̀.

Ìyá Fèyí
Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá ọmọ. Wọ́n fipá bá obìnrin lò nínú ìwé yẹn, wọ́n pààyàn, oògùn wà níbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún? Èmi ò ní fún un.

Ẹ̀gbọ́n Wálé (Toronto)
Ìyá Fèyí, mi ò bá yín jiyàn lórí ohun tó wà níbẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọmọ yẹn ti rí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí fóònù, kò sì sẹ́ni tó bá a sọ ọ́. Ó kéré tán, ìwé yìí ń bójú tó ẹni tí wọ́n ṣe níkà. Bí ọkàn yín ò bá gbà á, ìkejì rẹ̀ ni Warrior Girl Unearthed, 2023. Egungun àwọn baba ńlá wọn tó wà lọ́wọ́ àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti yunifásítì ló dá lé, bẹ́ẹ̀ òfin Amẹ́ríkà ọdún 1990 ti ní kí wọ́n dá wọn padà. Perry, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ò lè dúró de òfin. Ọmọ Yorùbá tó bá kà á á rántí orí idẹ tí wọ́n hú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1938, tí ọ̀kan nínú wọn wà ní British Museum di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Ti àwọn Ojibwe tiẹ̀ le jù, òkú èèyàn ni.

Ìyá Fèyí
Ìyẹn dáa. Wọ́n jí àwọn obìnrin gbé nínú rẹ̀ náà ṣá o, kí ìyá ọmọ kọ́kọ́ kà á.

Ìyá Moyọ̀ (Minnesota)
Màá kọ́kọ́ ka méjèèjì fúnra mi. Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ Ojibwe inú ti Omakayas ńkọ́? Mo ṣí i wò, ahọ́n mi kọ́.

Ọmọlará (London)
Ìtumọ̀ àti bí wọ́n ṣe ń pè é wà lẹ́yìn ìwé. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà tó ni èdè, ẹ wá Ojibwe People's Dictionary lórí íntánẹ́ẹ̀tì, University of Minnesota ló ń tọ́jú rẹ̀. Ẹ tẹ ọ̀rọ̀ náà, wọ́n á pè é fún yín, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fúnra rẹ̀ máa tẹ̀ ẹ́.