Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kan ẹ̀ṣẹ́ rí: ṣé fáwùlù ni kéèyàn máa dì mọ́ ẹni tó ń bá a jà?

Ọ̀gá Ọjà Ọba:
Ẹ kú àṣálẹ́ o. Àríyànjiyàn tó bẹ́ sílẹ̀ níbi tá a ti ń wo ẹ̀ṣẹ́ nítòsí Ọjà Ọba l'Ákúrẹ́ ni mo gbé wá. Ìjà Wladimir Klitschko àti Alexander Povetkin ni wọ́n gbé sí i, èyí tí wọ́n jà ní Moscow lọ́dún 2013. Klitschko lu Povetkin ṣubú lẹ́ẹ̀mẹrin lóòótọ́, àmọ́ bó bá ti kan ẹ̀ṣẹ́ kan, ńṣe ló ń dì mọ́ ọn, tó ń fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́ lọ́rùn. Ó di ráúńdì 11 kí rẹfirí tó yọ máàkì kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹyọ kan! Adájọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì fún un ní 119 sí 104. Àwọn kan ní ọgbọ́n ìjà ni, àwọn kan ní ìrẹ́jẹ ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wọ ríǹgì rí, ẹ sọ ohun tójú yín rí. Dídì mọ́ni, títẹ̀ni lọ́rùn, bíbẹ̀rẹ̀ kọjá ìbàdí, èwo ló yẹ kó jẹ́ fáwùlù nínú wọn?

Ṣọlá Òkè-Àró:
Gbogbo ẹ̀. Ó parí.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́:
Ojú mi rí i, ẹ̀gbọ́n. Kílò 60 ni mo ń jà nígbà yẹn, ẹni tí wọ́n ní kí n bá jà sì fi orí àti ọrùn ga jù mí lọ. Bí mo bá ti sún mọ́ ọn kí n lè kàn án níkùn, ọwọ́ òsì rẹ̀ á ti wà lẹ́yìn ọrùn mi. Á fà mí mọ́ra, á wá sọ ara kalẹ̀ lé mi lórí bí àpò gààrí. Okùn ìbọ̀wọ́ rẹ̀ ń ha mí létí, òógùn rẹ̀ ń kán sí mi lójú, mi ò rí nǹkan míì ju ṣòkòtò péńpé rẹ̀ lọ. Rẹfirí á tú wa ká, á ní ká máa jà lọ, a ò ní tíì gbé ẹsẹ̀ méjì, á tún ti dì mí mú. Kò sí ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ kan tó dùn mí lọ́jọ́ náà. Ẹsẹ̀ mi ló kú. Nígbà tá a fi dé ráúńdì kẹta, itan mi ń gbọ̀n, mi ò lè gbé apá mọ́. Wọ́n gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè. Ẹni tí kò bá tíì gbé èèyàn sọ́rùn jà rí, kó má sọ fún mi pé kò sí ìpalára níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Alágbàká:
Pẹ̀lẹ́, àbúrò. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ti iṣẹ́ tèmi. Tí ẹ̀ṣẹ́ bá ba orí, ọpọlọ á mì nínú agbárí. Èyí tó léwu jù ni òmíràn tó bà á kí orí tó balẹ̀. Ẹni tójú rẹ̀ ti ń ṣú, tó na ọwọ́ tó di ẹnì kejì mú fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ẹ̀mí ara rẹ̀ ló ń dì mú. Kí lẹ fẹ́ kó ṣe? Kó dúró gbọnrangandan kí wọ́n máa lù ú?

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́:
Ma, ojú ẹni tó ń dì mí mú kò ṣú rárá o. Ara rẹ̀ le koko.

Ṣọlá Òkè-Àró:
Ẹni tójú rẹ̀ bá ti ṣú, kí rẹfirí ka ení, èjì fún un. Ìyẹn ni iṣẹ́ rẹ̀.

Bàbá Kóòṣì:
Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ l'Ákúrẹ́ àti l'Óǹdó, ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Ohun tẹ́ ẹ ń bèèrè pé ṣé ó yẹ kó jẹ́ fáwùlù, fáwùlù ni látọjọ́ pípẹ́. Òfin Queensberry, ìyẹn òfin ẹ̀ṣẹ́ kíkàn tó jáde lọ́dún 1867, sọ ọ́ gbangba pé kò gbọdọ̀ sí ìjàkadì, kò gbọdọ̀ sí ìdìmọ́ra. Ní ti àwọn tí kì í jà fún owó, òfin tiwọn tún le sí i: bíbẹ̀rẹ̀ sábẹ́ ìbàdí lọ́nà tó lè ṣe ẹnì kejì léṣe, fáwùlù ni, kéèyàn fi ọwọ́ méjèèjì bojú kó má sì kan ẹ̀ṣẹ́ kankan padà, fáwùlù ni, kó mọ̀ọ́mọ̀ ṣubú kí ẹ̀ṣẹ́ má bàa bà á, fáwùlù ni. Ìkìlọ̀ mẹ́ta, wọ́n á lé e kúrò nínú ìjà. Òfin kò sùn. Rẹfirí tí kò fẹ́ lò ó ni wàhálà wa.

Nọ́ọ̀sì, òótọ́ lẹ sọ, èmi náà ń kọ́ wọn pé tí orí bá yí wọn, kí wọ́n dì mú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń dì mọ́ni láti ráúńdì kìíní, nígbà tí nǹkan kan kò tíì ṣe é, ó ń jí àkókò àti agbára ẹnì kejì ni. Lójú tèmi, kí wọ́n kìlọ̀ fún un ní ráúńdì kejì, tó bá tún ṣe é, kí wọ́n yọ máàkì. Kí wọ́n má dúró di ráúńdì 11 tí máàkì náà kò lè yí nǹkan kan padà mọ́.

Ìyá Ìbejì Ìjàpọ̀:
Ẹ dúró ná, Bàbá. Bíbojú ni fáwùlù? Wọ́n ṣe é fún ọmọ mi, inú bí mi débi tí mo fi dìde lórí àga. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún! Ẹni tó ń bá a jà ń rọ̀jò ẹ̀ṣẹ́ lé e, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sí ojú, rẹfirí dá ìjà dúró, ọmọ mi ló nawọ́ sí. Èmi tí mo bí i ló sọ fún un pé kó dáàbò bo orí rẹ̀. Tí bíbojú bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, kí la wá ń fi akoto dé wọn lórí fún?

Nọ́ọ̀sì Alágbàká:
Mo wà lẹ́yìn yín, Ìyá Ìbejì. Ìyẹn kò tọ́.

Ẹ̀kímògún Pàràkòyí:
Ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ Povetkin, ẹ gbàgbé ọmọ Nàìjíríà. Atlantic City, 2005. Samuel Peter lu Klitschko yìí kan náà ṣubú lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n ṣì ní òun ló pàdánù, 114 sí 111. Bí Klitschko ò bá dì mọ́ ọn lálẹ́ ọjọ́ náà ni, ìtàn ì bá yàtọ̀.

Ọ̀gá Ọjà Ọba:
Ìpàkọ́ ni Peter ń gbá a o, fáwùlù sì nìyẹn. Klitschko náà ṣàròyé.

Ẹ̀kímògún Pàràkòyí:
Ta ló gbé ìpàkọ́ síbẹ̀? Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ wọ abẹ́ apá èèyàn, ibo lẹ fẹ́ kí ẹ̀ṣẹ́ balẹ̀ sí? Ìdí tí òfin fi kọ bíbẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ló dá fáwùlù náà sílẹ̀, ẹni tó gbá a ni wọ́n ń bá wí.

Ọ̀gá Ọjà Ọba:
Ẹni tó ní ojú tó sì rí ìpàkọ́ lè dá ọwọ́ dúró.

Ẹ̀kímògún Pàràkòyí:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò tíì kan ẹ̀ṣẹ́ rí. Ẹ̀ṣẹ́ tó ti kúrò léjìká kì í gbọ́ dúró.

Àgbà Òṣèré:
Ẹni tó bá fẹ́ dì mọ́ èèyàn, kó lọ ja gídígbò.

Bàbá Kóòṣì:
Àgbà, nínú gídígbò gan-an, ẹni tó dì mú tí kò dá ẹnì kejì, àwọn òǹwòran á pariwo lé e lórí.

Tísà Yaba:
Kò sẹ́ni tó máa dárúkọ Muhammad Ali? Ní Kinshasa lọ́dún 1974, gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ okùn ríǹgì tó fẹ̀yìn tì. Ẹ tún fídíò náà wò, kẹ́ ẹ wo bó ṣe ń fa orí Foreman tó ń bá a jà wálẹ̀. Mo fẹ́ràn Ali dọ́kàn, àmọ́ fáwùlù ni. Ìgbà tó tún kojú Frazier ní Manila lọ́dún 1975, rẹfirí Carlos Padilla kò gbà fún un, ó ń gbá ọwọ́ rẹ̀ kúrò lọ́rùn Frazier. Ẹ sì wo irú ìjà tá a rí lọ́jọ́ náà! Nígbà tí kò sí ìdìmọ́ra, àwọn méjèèjì jà.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́:
Tísà, Ọlọ́run á bù kún yín. Irú Padilla yẹn ni mo nílò.

Ṣọlá Òkè-Àró:
Ẹ gbọ́, ṣé ẹ mọ̀ pé Luis Pabon tó jẹ́ rẹfirí ní Moscow lọ́jọ́ yẹn náà ló ṣe rẹfirí ìjà Usyk àti Dubois ní Poland lọ́dún 2023? Èyí tí Usyk ṣubú ní ráúńdì karùn-ún, tó ní abẹ́ ìbàdí ni ẹ̀ṣẹ́ Dubois ti ba òun.

Àgbà Òṣèré:
Orí bẹ́líìtì ni. Ṣòkòtò Usyk ló ga jù.

Ẹ̀kímògún Pàràkòyí:
Ẹ̀ẹ́ẹ̀n! Ẹ kọ ìyẹn náà sí i. Kéèyàn fa ṣòkòtò dé àyà kí gbogbo ikùn rẹ̀ lè di èèwọ̀, ìyẹn náà ńkọ́?

Ṣọlá Òkè-Àró:
Abẹ́ bẹ́líìtì ni o. Mo wò ó láwòtúnwò.

Ìyá Ìbejì Ìjàpọ̀:
Ẹ fi ti Usyk sílẹ̀ díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Bàbá Kóòṣì, kí ni kí n sọ fún ọmọ mi? Ó tún máa jà láìpẹ́.

Bàbá Kóòṣì:
Ìyá Ìbejì, ẹ má sọ fún un pé kó má bojú mọ́. Kó bojú, àmọ́ bó bá ti gba ẹ̀ṣẹ́ méjì sórí ìbọ̀wọ́, kó na ọwọ́ òsì jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò dandan kó bà á. Kó tún gbé ẹsẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, kó má fẹ̀yìn rìn. Rẹfirí tó bá rí i pé ọwọ́ ń jáde kò ní dá a dúró. Ẹ mú un wá bá mi lọ́jọ́ Sátidé, èmi fúnra mi ni máa dì mọ́ ọn, kó lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń já ara ẹni gbà.

Àgbà Òṣèré:
Orí bẹ́líìtì ni, Ṣọlá.